Igi Páìnì Ọgbà Ẹgbẹ́ àti Bí a ti Gé e

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

Ìgbìmọ̀ ní kí a wá ròyìn igi páìnì tí a gé nínú ọgbà wa nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, nítorí àhesọ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní a tà á. Àwọn kan ní bàbá agégi jẹ owó ẹgbẹ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ sọ pé iwin ni ó wà nínú igi náà tí ayùn fi há sí i lára. Ẹ fi ara balẹ̀, a ó sọ ọ́ bí ó ti rí, títí kan ibi tí ó jẹ́ ìtìjú fún àwa ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Jos níbí mọ igi náà ju àwa lọ. Àwọn àgbà ní nǹkan bí ìgbà òmìnira, ọdún 1960, ni wọ́n gbìn ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn kò kò lórí ọdún náà gan-an. Ohun tí ẹnu wọn kò lé lórí ni pé inú agolo ni wọ́n ti gbé e wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba, tí àwọn yẹn sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gbọn yẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ìkìlọ̀ náà ní ìdí. Páìnì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn ín ní Nàìjíríà, ńṣe ni ó ń dúró lójú kan, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ láti ìdí páìnì tí ó ti gbó níbòmíràn wá pò mọ́ ilẹ̀ tuntun. Irú olú kan ń bẹ nínú yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún, tí ó tín-ín-rín ju òwú lọ, òun ni ó máa ń bá gbòǹgbò páìnì wá oúnjẹ nínú ilẹ̀. Níbi tí kò bá sí, igi kò ní jẹun yó. Bàbá wa kan tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ èyí fún un. Ó ní òun náà gbé yẹ̀pẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ dání wá sí Òkè Ọya, ara bàtà òun ni ó wà.

Igi náà dàgbà, ó ga. Bàbá agégi fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 wọ̀n ọ́n lójú wa. Ó gbé ọ̀pá nàró sínú oòrùn, òjìji rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ó wọn òjìji igi, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. A jẹ́ pé igi fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 90. Gbọ̀ngàn wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ìdí rẹ̀. Ní òdìkejì gbọ̀ngàn ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tí ẹgbẹ́ kọ́ wà. Ní ìhà kẹta, ògiri Alájì aládùúgbò wa ni. Ìhà kẹrin ni ó ṣí sílẹ̀, òun náà kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ kí a tó kan wáyà iná.

Inú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà yìí ni ẹjọ́ wà. Nígbà tí a ń wa ìpìlẹ̀ wọn, àwọn bíríkìlà kan gbòǹgbò tí ó nípọn bí itan ènìyàn. Wọ́n bi wá léèrè, àwa ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n gé e. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni a gé ní ìhà ibẹ̀. Owó háyà ni a ń kà lọ́kàn. Igi kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, olú bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ìdí rẹ̀ níbi tí a ti gé e, ewé orí rẹ̀ ń pọ́n, àti ní ìgbà òjò tí ó kọjá, ilẹ̀ ìhà ṣọ́ọ̀bù wú sókè, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tí ó ṣe igi náà ní nǹkan ju àwa lọ.

Bàbá agégi tí a kọ́kọ́ pè jẹ́ ọmọ wa, ó ti gé gẹdú nínú igbó Oǹdó kí ó tó wá síhìn-ín. Ó yí igi ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn àáké gbá a, ó tẹ́tí sí bí ó ti ń dún. Ó ní inú rẹ̀ ti ń jẹrà ní ìhà kan, kò sì sí ibi tí yóò gba igi náà bí a bá bì í ṣubú lódindi, àfi kí òun gùn ún, kí òun máa gé e ní ègé-ègé láti òkè wá sílẹ̀. Ó dárúkọ owó rẹ̀. Akápò wo ojú wa, a wo ojú akápò. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tí wọ́n ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ní àwọn yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, wọn yóò sì parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ni a gbé iṣẹ́ fún. Nígbà tí a lọ sọ fún bàbá, ohun tí ó sọ kò ju, "Ẹ̀yin ọmọ mi, igi kò mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ kò tó."

Ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Ìhà gbọ̀ngàn, níbi tí igi ń fì sí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní gbọọrọ, láìkọ́kọ́ yọ ègé kankan kúrò. Ayùn wọlé tó ínǹṣì 9 nínú igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, igi sì jókòó lé e lórí. Kì í ṣe iwin. Ìwúwo ni. Wọ́n fà á títí, kò jáde. Wọ́n ní àwọn ń lọ gbé ayùn mìíràn wá, a kò sì rí wọn títí di òní. Wọ́n ti gba ìdajì owó.

A kò lè gbàgbé òru ọjọ́ náà. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́, igi tí a ti ṣá lẹ́sẹ̀ ń dún kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀. A lọ kan ilẹ̀kùn Alájì, a dọ̀bálẹ̀, a sọ fún un. Kò bú wa. Ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ilé àbúrò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ padà wá, ó jókòó tì wá lójú ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí a ń dá àwọn tí ń kọjá padà. Bí ẹnì kan bá kú lóru náà, ọwọ́ àwa tí a fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ìbá wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ bẹ bàbá agégi. Ó wá wò ó, ó sì fi owó kún iye tí ó sọ tẹ́lẹ̀. Akápò fẹ́ ná an. Bàbá ní, "Igi tí ó dá ṣáṣá ni mo dá iye yẹn lé. Èyí ti fara gbọgbẹ́." A dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ayùn. Ó so òkúta mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó jù ú kọjá ẹ̀ka kan lókè, ó fi í fa okùn irin gòkè, ó sì so ìdí okùn náà mọ́ típà tí yanrìn kún inú rẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kí igi má baà lè fì sí gbọ̀ngàn mọ́. Alájì ni ó ni típà. Lẹ́yìn náà ni ó gbẹ́ igi líle bí ahọ́n, ó gbá wọn bọ ojú ọgbẹ́ náà títí ayùn fi tú, tí àlàfo sì kún pinpin. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá ti gé e ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, òun kò ní gùn ún rárá.

Ó wọ bàtà onírin ṣóńṣó, ó gbé okùn kọ́ ìdí bí ẹlẹ́mu ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ẹ̀ka páìnì máa ń yí ara igi ká ní ìpele-ìpele bí àkàsọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti kú nínú wọn kì í gba ẹsẹ̀. Oje rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ayùn, ọmọ rẹ̀ sì ń fi kẹrosíìnì nù ún. Nígbà tí ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà 15 kí ó dé ṣóńṣó, ó yọ ègé kan ní iwájú igi bí ègé ibẹ́pẹ, ó wá gé e láti ẹ̀yìn, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín tí kò gé, èyí tí ó dàbí híńjì ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fa okùn. Orí igi tẹ̀, ó já, ara igi tí ó kù sì ta padà, ó ń gbé bàbá lọ, ó ń gbé e bọ̀ lójú ọ̀run. Ìyàwó rẹ̀ tí ó gbé oúnjẹ wá kọ ẹ̀yìn sí igi. Nígbà tí a bi bàbá lẹ́yìn náà, ó ní òun kì í wo ilẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, òun a dì mọ́ igi, òun a máa ka iye ìgbà tí ó bá fì. Ti ọjọ́ náà, ìgbà kọkànlá ni ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò oníṣòwò fún yín. Páìnì tútù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, kò jìnnà sí kílò 240, bí ẹni di àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún pọ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wé okùn náà mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkùnrin kan ṣoṣo a sì lè dì í mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwa kan tí a fẹ́ kí iṣẹ́ yá tú ìyípo kan kúrò. Okùn sá. Igi náà fì, ó ya páànù ṣọ́ọ̀bù kẹta, ó sì gbọn bàbá lórí igi tó bẹ́ẹ̀ tí ayùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé yín yìí wà lára àwọn ọwọ́ tí ó bó. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, kò pariwo, ó mu omi, ó ní kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kúrò nídìí okùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ku ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó tẹ́ àwọn ẹ̀ka sílẹ̀ bí ibùsùn ní ìhà tí ó ṣí, a rò pé eré ni. Ìgbà tí a kà nípa igi ńlá ti Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, tí í ṣe ìbátan páìnì, ni a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn agégi ibẹ̀ náà ti ń ṣe, kí igi má baà fọ́ nígbà tí ó bá balẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n gé ní ọdún 1853: ọjọ́ 22 ni wọ́n fi lu ihò yí i ká, nígbà tí wọ́n sì gé e tán, ó ṣì dúró lórí ìdí rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n gbá nǹkan bọ abẹ́ rẹ̀. Tiwa kò yájú tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣubú síbi tí bàbá ní kí ó ṣubú sí, ilẹ̀ mì, aago ògiri gbọ̀ngàn sì dúró.

A ka òrùka inú rẹ̀. Ẹnì kan rí 57, ẹnì kan 61, ẹnì kan 64. Bàbá ní kí a má jà, bí òjò bá dáwọ́ dúró láàárín ọdún tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀, páìnì lè ṣe òrùka méjì.

Igi náà kò sí lọ́jà. A ti là á sí pákó kíákíá kí ó má baà dúdú, a tò ó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, a fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. A ó fi oògùn ikán sí i, a ó fi kan bẹ́ǹṣì fún àwọn ọmọ. Bàbá agégi kò jẹ owó ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ ni ó jẹ ẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwé àwọn tí ó ti dá owó wà lọ́wọ́ akápò, orúkọ àwa ìgbìmọ̀ ni ó ṣáájú.

Ètò ṣọ́ọ̀bù keje wà lórí tábìlì níwájú yín. Ibi tí wọ́n fa ìlà ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ìdí máńgòrò. Kí a tó dìbò, a bẹ̀ yín, ẹ jáde lọ wò ó. Ayùn àwọn ọmọkùnrin náà sì wà nínú yàrá ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá rí wọn, kí ó ní kí wọ́n wá gbé e, kí wọ́n sì mú ìdajì owó wa dání.