Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìlànà Kan fún Gbogbo Ẹni Tó Ń Kọ Yorùbá sórí Kọ̀ǹpútà



Ní Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ti gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ó ń jáde títí di ọdún 1867, nígbà tí Ìfọlé mú kí àwọn òyìnbó fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ to lẹ́tà láyé ìgbà náà ní àpótí níwájú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá ní ihò nínú àpótí kò lè dé ojú ìwé. Àpótí lẹ́tà ti ayé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sínú fáìlì kan náà. Kálukú ló ní ẹ́dítọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ kóòdù àti ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fáìlì náà, mo sì rí i pé ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a fi ń kó èrè oko ti di ohun kan ṣoṣo: “?k??”. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ ọkọ́ mọ́. A ní láti padà lọ bá àwọn àgbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú.

Kí ló fà á? Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ẹ́dítọ̀ ẹnì kan nínú wa ṣì ń lo ìlànà àtijọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, tí àyè inú rẹ̀ kò ju 256 lọ. Á àti è wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Unicode, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1991, ló fún wọn ní àyè. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ni ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú wọn sínú fáìlì.

Fáìlì kékeré kan wà tí ń jẹ́ .editorconfig. Bí a bá kọ “charset = utf-8” sínú rẹ̀, ẹ́dítọ̀ tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ẹni yòówù kó jókòó sídìí rẹ̀. Àwọn kan ń kà á fúnra wọn. Visual Studio Code ń fẹ́ àfikún. Nítorí náà mo kọ àṣẹ kan: bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ibi tí a ń tẹ àṣẹ sí, yóò gbé fáìlì ìlànà yìí sínú iṣẹ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan. Bí ó bá bá òmíràn níbẹ̀, yóò béèrè kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ẹ̀rọ lè kọ “ẹ́” ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí ojú wa má sì mọ ìyàtọ̀, síbẹ̀ kí a wá ọ̀rọ̀ náà kí a má rí i. Fáìlì ìlànà kò lè wo èyí sàn. Àwa fúnra wa ni a gbọ́dọ̀ fi ẹnu kò sórí ọ̀nà kan.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a ṣètò àpótí kí a tó to lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ tí àgbà sọ fún wa lè má ní ẹni tí yóò tún un sọ.