Ọdẹ Inú Igbó àti Ọdẹ Inú Ọgbà

 

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, bí ọmọdé bá gbọ́ “ọdẹ”, ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Kò jẹ̀bi. Ilé ti fara kan ilé títí dé etí ọ̀sà; kò sí igbó tí ẹtu lè sá sí. Ẹran ìgbẹ́ tí a ń jẹ, láti ọjà bí Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni a ti ń rà á. Nítorí náà, ìbéèrè yìí kàn wá: bí igbó bá ń tán lọ, ṣé kí á máa sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà, kí á sì máa dọdẹ rẹ̀ níbẹ̀?

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà nìyẹn. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1991 sọ ẹran inú ọgbà tó péye di ohun ìní onílẹ̀, kódà bí ẹran náà bá sá jáde. Àlejò ń sanwó, wọ́n sì ń yìnbọn. Kí á má parọ́ mọ́ ọgbà: òun ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi gba ẹtu tí wọ́n ń pè ní bontebok lọ́wọ́ ìparun ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n èdè wa ti dá ẹjọ́ náà. Ẹran tí ènìyàn ń bọ́, tó mọ ohùn olówó rẹ̀, ẹran ọ̀sìn ni, bí ìwo rẹ̀ tilẹ̀ gùn. A lè pa á, a lè jẹ ẹ́; a kò lè ní a dọdẹ rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà náà gan-an ni iṣẹ́ ọdẹ: òru, òjò, ejò, mímọ ipasẹ̀ àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, pípadà sílé lọ́wọ́ òfo. Níbi tí ẹran kò ti lè sá, ìjálá kí ni a ó sun?

Ẹ wo àwọn Effutu ní Winneba, ní Ghana. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, nígbà ọdún Aboakyer, ẹgbẹ́ méjì, Tuafo àti Dentsifo, máa ń wọ igbó láìmú ìbọn, kí wọ́n lè fi ọwọ́ mú àgbọ̀nrín láàyè. Òun ni wọ́n fi ń bọ Penkye Otu. Bí igbó wọn bá kú, kí ni yóò kù nínú ọdún náà?

Àwa náà mọ ọgbà tí kò ní wáyà. Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣọ́ ẹran ibẹ̀ kí ìjọba tó dé.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tó ń wá ẹran ọbẹ̀, kó sin ín. Ìyẹn yóò dín ìbọn inú igbó kù. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọdẹ, kó dá abo olóyún sí, kó sì jẹ́ kí igbó sinmi. Àwa ará ìlú tí owó wa ń rán ọdẹ níṣẹ́, kí á má ra ọmọ ẹran lọ́jà.

Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kì í ṣe òrìṣà inú ọgbà. Kí ó má ṣe di òrìṣà tí kò ní igbó lójú ayé wa. Àṣẹ.