Orí àti Ìdí Lára Ohun Ọ̀gbìn



Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àfiwé ni “orí iṣu” àti “ìdí iṣu”, pé ara ènìyàn ni a ti yá wọn. Àṣìgbọ́ ni. Bí àgbẹ̀ ìlú yìí bá gé iṣu sí èèbù, ó mọ̀ pé ti orí ni yóò kọ́kọ́ hù. Bí ó bá gé igi ẹ̀gẹ́, yóò wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí kí ó tó rì í mọ́lẹ̀.

Ní 1878, Hermann Vöchting, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dorí ẹ̀ka igi willow kodò, ó sì so ó rọ̀. Síbẹ̀, ibi tí ó jẹ́ ìdí tẹ́lẹ̀ ni gbòǹgbò ti yọ.

Kí ló fà á? Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní orí àti ìdí tirẹ̀. Ọ̀mùnú òkè a máa pèsè èròjà kan tí a ń pè ní auxin. Nínú igi, ìsàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ni purotéènì kan, PIN, kó jọ sí; òun ni oníbodè tí ń ti auxin sí sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, títí yóò fi pọ̀ lójú ibi tí a gé, tí gbòǹgbò yóò sì ta níbẹ̀. Ẹni tí ó dorí igi kodò kò tíì ṣí oníbodè nípò.

Mo ti pa “orí iṣu” rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ àfiwé mi. “Ẹnu ìkòkò” ṣì wà níbẹ̀.