Ìlànà àti Ìwà Ọmọlúàbí nínú Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí wọn lè máa fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣeré ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì bèèrè bí a ti í ṣe é. Àwa mẹ́rin nínú Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ti wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan; ìdí nìyí tí wọ́n fi rán wa.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ní ayé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun eré. Kẹ̀kẹ́ Raleigh, tí wọ́n ṣe ní Nottingham, ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ìwé, òun ni oníṣòwò kòkó ń gùn lọ sí abà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan, gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n. Pé àgbàlagbà yóò gun kẹ̀kẹ́ jáde nílé láì ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́, tí yóò sì tún padà sí ibi tí ó ti gbéra, ó jọ ìṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é. Ní ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn-àjò sílẹ̀ ní ìlú Harrogate, ó sì wà títí di òní lábẹ́ orúkọ Cycling UK. Ní ìgbà náà, ó ku ọdún mẹ́wàá kí Dunlop tó gba ìwé-àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ẹ wo bí ìdí yóò ti máa ro wọ́n tó!

Òfin ẹgbẹ́ tí àwa wà nínú rẹ̀ kò ju ojú ìwé méjì lọ. A ní alága, akọ̀wé àti akápò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ẹgbẹ́ gbára lé lójú ọ̀nà. Ẹni méjì ni a gbára lé: aṣíwájú, tí ó mọ ọ̀nà, àti ẹni ẹ̀yìn, tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹni tí ó lọ́ra jù lọ bí ó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó. A kì í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí aṣíwájú bá rí kòtò, yóò fi ọwọ́ tọ́ka sílẹ̀, yóò sì ké. Ẹni tí ó tẹ̀lé e yóò ké bákan náà, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ẹ̀yìn pátápátá. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn ni yóò ké, ọ̀rọ̀ yóò sì lọ síwájú.

Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìwé òfin ọ̀nà ilẹ̀ náà ti là á yé gbogbo ènìyàn pé agunkẹ̀kẹ́ méjì lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti pé ọkọ̀ tí yóò kọjá lára wa níbi tí eré kò ju máìlì 30 ní wákàtí kan ní láti fi àyè mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, ó kéré tán. Síbẹ̀ ìwé kan náà ní kí á máa wo ẹ̀yìn, kí á sì jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá nígbà tí kò bá léwu. Ẹni tí ó bá dúró dè wá, a ó na ọwọ́ kí i. Bí a bá bá ẹni tí ó gun ẹṣin pàdé, a ó rọra, a ó fọhùn, nítorí ẹṣin kì í gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ kí ó tó dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù December, ẹni tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn kò wá. Aṣíwájú bèèrè ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, gbogbo wa sì ń wo bàtà wa. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ sáré gun òkè, ẹsẹ̀ yún òun náà, ó sì sá tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí a dé ilé tíì ni a ka orí, tí ó dín ọ̀kan. Bàbá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni kò sí láàárín wa. Ní àkókò yẹn, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. A bá bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, táyà rẹ̀ ti jò, òtútù ti mú ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò lè yọ táyà náà. Kò bú wa. Ó kàn bèèrè bóyá tíì ṣì kù. Ìbá sàn kí ó bú wa.

Nígbà tí a pàdé, àwọn kan ní kí á má gba ẹni tí kò bá lè sáré mọ́. Àwọn mìíràn ní kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò ẹ̀yìn, a kò ní jáde. Ọjọ́ Sunday méjì ni a jókòó sílé, tí inú ń bí wa. Ní ẹ̀kẹta, orúkọ ti kún ìwé. Bàbá yẹn ni ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a ti ka ìwé tí ẹ kọ. Oyè méje ni ẹ tò sílẹ̀, ẹ sì ti yan irú aṣọ tí ẹ ó wọ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni ẹ̀yìn nínú rẹ̀. A kò sì rí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ tiwa, wọ́n sì ń ṣe aṣíwájú. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni tiwa ti di ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú pálábá wo ohun tí ẹ bá rí nínú àwòrán àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbéra ní ìdájí, kí ọ̀kadà tó gba ìgboro, kí oòrùn tó mú.

Ọ̀ràn kan wà tí ó ju agbára wa lọ, ẹ̀yin àgbà ni ó kàn. Àṣà wa ni pé kí ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ó tó kí àgbà. Bí ogún ọmọ bá ń sọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo àgbà tí ó jókòó sí ìta láti ọjà dé odò, wọn kò ní dé odò. Bí wọn kò bá sì sọ̀, a ó ní ẹgbẹ́ ti sọ wọ́n di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí aṣíwájú nìkan sọ̀ kalẹ̀ kí ó kí àgbà fún gbogbo wọn, kí àwọn yòókù rọra, kí wọn sì kí láti orí kẹ̀kẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò, kí ẹ sì fèsì kí Sátidé àkọ́kọ́ tó pé.

A mú pọ́ǹpù méjì wá, pẹ̀lú irin tí a fi ń yọ táyà àti rọ́bà tí a fi ń lẹ ìhò. Wọ́n wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn ni kí wọn máa wà ní ọjọ́ ìjáde.