Owó Lè Ra Bàálù, Kò Lè Ra Ìrírí

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan láàárín wa sọ níbi àpéjọ ọdún yìí)

Nígbà tí alága ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìròyìn ni mo máa sọ. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ bàálù ni mo gbé wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù kékeré funfun kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun àti àwọn méjì kan ló dáwó jọ rà á. Ó ti gba láísẹ́ǹsì. Mo bá a yọ̀ gan-an ni. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ pè mí: “Bọ̀dá akọ̀ròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí nǹkan yìí dáadáa. Ó fẹ́ máa fi gbé àwọn ọmọ.” Ìwádìí yẹn ni mo fẹ́ jábọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọ̀rẹ́ wa gbà kí n sọ ọ́, ó ṣáà ní kí n má dárúkọ òun.

Bàálù tí wọ́n sábà fi ń kọ́ èèyàn, bíi Cessna 172, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Kì í sáré púpọ̀, bí èèyàn bá sì ṣe àṣìṣe díẹ̀, ó máa ń fún un láyè láti tún un ṣe. Irú èyí tí ọ̀rẹ́ wa rà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ́ńjìnnì bàálù bá ti ju agbára ẹṣin 200 lọ, òfin kà á sí alágbára. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ awakọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Cirrus SR22 ní 310, ó sì ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó fi ọkọ̀ Ìjàpá kọ́ mọ́tò, tí a wá fi sínú Bẹ́ńsì olówó ńlá lọ́nà márosẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1947 ni bàálù Bonanza jáde, tí ìrù rẹ̀ dà bí lẹ́tà V. Ó yára, ó sì rẹwà. Àwọn dókítà àti lọ́yà wà lára àwọn tó lówó láti rà á. Wọ́n lówó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò ráyè kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Nígbà tó yá, àwọn awakọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní onírù-ẹ̀ka tó ń pa dókítà. Ìrù yẹn ní àléébù tirẹ̀ lóòótọ́, torí ní 1987 ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fi kún agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìjánu ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí imú bàálù tó yọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dorí kodò, kí a tó ṣẹ́jú, eré rẹ̀ ti kọjá ààlà.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois mú ogún èèyàn tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi mítà nìkan wa bàálù. Wọ́n fi wọ́n sínú Bonanza, wọ́n ṣe é kí wọ́n má lè rí ìta, bí ìgbà tí èèyàn bá kó sínú kùrukùru. Gbogbo ogún ni ìjánu bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ló gbà wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta!

Kí ló fà á? Etí wa ni. Omi kan wà nínú etí tó ń sọ fún wa pé a dúró tàbí a tẹ̀. Bí bàálù bá rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ń yí lọ bẹ́ẹ̀, omi yẹn á dúró, ara á sì sọ fún awakọ̀ pé òun wà ní gbọọrọ. Bó bá tún ọkọ̀ ṣe, ara á ní ó ti tẹ̀ sí òdìkejì, á sì dá a padà sínú ewu. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ nínú kùrukùru, ojú ò rí nǹkan ṣọ́. Mítà nìkan ló ń sọ òótọ́, ó sì gba ẹ̀kọ́ gidi kí èèyàn tó lè gba mítà gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ.

Ohun tó pa John Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà, nìyẹn, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 1999. Ọmọ ọdún 38 ni, bí ẹgbẹ́ wa ni. Ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi mítà wa bàálù, kò tíì parí. Nínú bíi wákàtí 36 tó ti lò nínú Piper Saratoga yẹn, bíi mẹ́ta péré ló jẹ́ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, olùkọ́ kan ní òun á bá a lọ, ó ní òun fẹ́ dá a ṣe. Òkùnkùn ṣú lójú òkun, afẹ́fẹ́ sì ṣú bí ìgbà ọyẹ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó yè é.

Ṣé kí a wá sọ pé bàálù burú? Rárá o. Bàálù kan wà tí wọ́n ń pè ní MU-2, ará Japan ló ṣe é. Ó pa èèyàn títí àwọn kan fi ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní 2008, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó bá máa wà á gba ẹ̀kọ́ pàtó. Jàǹbá wálẹ̀ gidigidi. Bàálù kan náà ni o, awakọ̀ ló yí padà.

Cirrus ńkọ́? Wọ́n so páráṣúùtì ńlá mọ́ gbogbo ara ọkọ̀ náà, pé bí nǹkan bá dàrú, kí awakọ̀ fà á, kí bàálù rọra balẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún díẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn awakọ̀ ń kú láì fà á. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn pé kí wọ́n tètè fà á, kí wọ́n má tijú, ni ikú dínkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa rèé. Ẹni tí gbogbo ọsibítù ń pè ní ọ̀gá, ó máa ń ṣòro fún un láti tún jókòó bí ọmọléèwé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ló kọ́ wa pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó nawọ́ sókè kó béèrè. Ẹ tún un sọ fún wa lónìí, torí owó ti ń mú ká gbàgbé.

Mo ro gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ wa. Inú rẹ̀ ò dùn, ó dákẹ́ sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mítà. Kò tíì parí, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun ò tíì wọlé. Lóṣù tó kọjá, ojú sánmà ṣú, ó gbé bàálù sílẹ̀, ó sì fi mọ́tò rin wákàtí márùn-ún délé. Ìyàwó rẹ̀ pè mí pé ó ń bínú. Mo ní kó jẹ́ kó máa bínú lọ, ó ṣáà ti délé.