Má Ṣe Dá Fáìlì Ẹnìkejì Rẹ Dúró



Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé mi láti Sókótó wá sí Ìlọrin, èmi àti ìdílé mi ra ilé kan ní Ganmo níbí. A san owó tán ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá ra ilé tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Mo lọ, mo bọ̀. “Ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó.” “A ò rí fáìlì yín.” “Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé.” Ẹnìkan ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. N kò ṣe é.

Lóru ọjọ́ kan, bí mo ti ń ráhùn sí Ọlọ́run, Ẹ̀mí Mímọ́ bi mí pé: fáìlì mélòó ló wà lórí tábìlì tìrẹ? N kò lè fèsì. Mo rántí bàbá afẹ̀yìntì kan tí mo ti dá padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìwé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

Ẹ ka Jeremáyà orí 32. Ṣékélì fàdákà 17 ló fi ra oko Ánátótì. Ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí wọ́n fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé, ẹ má fi ìwé ṣeré, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní rìbá. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nídìí tábìlì, ẹ rántí ẹni tó dúró lóòrùn.

Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.