Níbo ni Iṣẹ́ Dé?

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìbéèrè kan tí a kì í ṣaláì gbọ́ níbi ìpàdé àdúgbò, ìbáà ṣe ní Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, ìbáà ṣe ní ìlú Oǹdó: "Níbo ni iṣẹ́ dé?" Ìdáhùn tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni, "Iṣẹ́ ń lọ." Ẹni tí ó dáhùn báyìí lè má purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun. Ìyá tí ó dá owó sí iṣẹ́ náà yóò padà sí ilé láì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́, tàbí kọnkéré ni wọ́n ń dà, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ti kó irinṣẹ́ wọn lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò jábọ̀ pé iṣẹ́ 11,886 ni a ti pa tì káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kú ní ọjọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí sìmẹ́ǹtì kò dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e bíríkìlà lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹta, koríko ti hù lórí ìpìlẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní pé sìmẹ́ǹtì kò dé, tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì rí i kà, wọn ìbá ti rí nǹkan ṣe sí i.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo káàdì alájọ. Ojú ilé 31 ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí ìyá oníṣòwò ní ọjà Ìsìkàn bá san owó ọjọ́ náà, alájọ yóò fi àmì sí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá, yóò sì fi irú rẹ̀ sí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ibi tí àmì bá pin sí ni owó dé. Kò sí àríyànjiyàn, nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Ní ayé òde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ṣe àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ káàdì yìí níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Trello àti Asana, tí wọ́n jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2011, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn. Nínú Trello, a pín pátákó kan sí òpó mẹ́ta: ohun tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀, ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, ohun tí ó ti parí. A kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí orí káàdì kékeré, a sì ń sún un láti òpó kan dé èkejì. Nínú Asana, ẹni tí ń bójú tó iṣẹ́ a máa kọ ìròhìn láti ìgbà dé ìgbà, a sì máa fi àwọ̀ sí i bí iná ojú títì: àwọ̀ ewé bí iṣẹ́ bá ń lọ bí a ti pète, àwọ̀ ìyeyè bí ewu bá ń bọ̀, pupa bí iṣẹ́ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan ní Ìsìkàn fẹ́ ṣe gọ́tà tí yóò máa gbé omi òjò lọ sí odò Àlà. Òjò ni aago irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ ní oṣù kejì, tí kọnkéré kò sì wọlẹ̀ títí òjò oṣù kẹrin fi dé, omi yóò wó etí ihò náà, yóò sì gbé ẹrẹ̀ wọ ilé àwọn tí ó dá owó.

Ohun àkọ́kọ́ kọ́ ni láti gbé fóònù. Kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: wíwọn ilẹ̀, gbígba owó, ríra sìmẹ́ǹtì àti yanrìn, gbígbẹ́, kíkan pákó, dída kọnkéré. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò parí, kí ó sì ní orúkọ ẹnìkan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ìka kan ni a fi ń tọ́ka sí ẹni tí yóò ra sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ohun tí "ó ti parí" túmọ̀ sí. Ẹni tí ó lọ ra sìmẹ́ǹtì kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó sanwó. Ó parí nígbà tí akápò bá ka àpò sìmẹ́ǹtì ní ibi iṣẹ́, tí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́.

Kí a ṣọ́ra fún ẹni tí ń sọ pé iṣẹ́ ti dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ lè dúró sí 90 fún oṣù méjì gbáko. Ohun tí a lè fi ojú rí, tí a sì lè fi okùn wọ̀n, ni kí a kọ. Ní alẹ́ Sátidé, kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó pé, akọ̀wé yóò dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nínú ètò náà: kí ni a parí, kí ni ó kàn, kí ni ó dí wa lọ́wọ́, àwọ̀ wo ni iṣẹ́ wà? Ìròhìn náà kò gbọdọ̀ gùn ju báyìí lọ:

"Nínú ẹsẹ̀ bàtà 200, a gbẹ́ 40 ní ọ̀sẹ̀ yìí, àpapọ̀ rẹ̀ di 120, ó ku 80. Àpò sìmẹ́ǹtì 30 dé ní Ọjọ́bọ̀, rìsíìtì àti àwòrán wà pẹ̀lú rẹ̀. Káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Òpó iná kan wà lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kò tíì wá wò ó. Àwọ̀: ìyeyè."

Ẹni tí ó wà ní ibi iṣẹ́, ẹni tí ó wà ní Èkó, àti ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò lóye ìròhìn yìí bákan náà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìròhìn púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ ro ti akọ̀wé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, níwájú alága tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ baba rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ tán, kí ó sì wí pé, "Bàbá, bíríkìlà tí ẹ mú wá kò yọjú láti ọjọ́ Ajé"? Ó rọrùn fún un láti wí pé iṣẹ́ ń lọ. Kì í ṣe pé ó jẹ́ òpùrọ́. Ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀kọ́ ilé yìí kan náà ni ó lè pa iṣẹ́ àdúgbò.

Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ ti kọ òfin àwọ̀ sílẹ̀. Bí apá kan bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá fún un, ìyeyè ni. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, tàbí bí owó tí ó kù kò bá ní tó parí iṣẹ́, pupa ni. Kí alága fi ọwọ́ sí òfin náà ní gbangba. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pupa, akọ̀wé kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni; òfin tí bàbá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ sí ni ó sọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá bá kọ́kọ́ sọ ní ọjọ́ náà ṣe pàtàkì ju ètò orí fóònù lọ. Bí ó bá wí pé, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi, kí ni a ó ṣe sí i báyìí?" a ó máa rí òótọ́ kà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Ta ni ó ní kí o kọ ìyẹn síbẹ̀?" àwọ̀ ewé ni gbogbo ìròhìn yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, bí ihò tilẹ̀ kún fún omi.

Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi ni èyí yóò tù nínú jùlọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi owó ránṣẹ́ rí tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé náà a sì máa bínú pé wọ́n ń béèrè bí ọlọ́pàá. Kí a fún wọn ní àyè láti rí ojú-ìwé iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ akọ̀wé àti akápò nìkan ni ó lè yí ohun tí ó wà níbẹ̀ padà. Kí a má kọ nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ báńkì síbẹ̀. WhatsApp dára fún ìpè ìpàdé, ṣùgbọ́n ìròhìn iṣẹ́ tí a bá jù sínú rẹ̀ yóò sọnù sáàárín àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí.

A kò gbàgbé pé iná kì í fi gbogbo ìgbà wà, pé détà wọ́n, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dá owó ni ó ní fóònù ńlá. Nítorí èyí, kí a da ìròhìn Sátidé kọ sí orí pátákó dúdú ní ilé-ìkàwé, kí a sì kà á sókè níbi ìpàdé. Àdúgbò tí kò bá ní ètò kankan lórí fóònù lè fi rúlà fa ìlà sínú ìwé àjákọ. Ìbéèrè mẹ́rin náà ni yóò dáhùn síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ìjọba ńkọ́? Ọ̀nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ BudgIT ti dá Tracka sílẹ̀, níbi tí ará ìlú ti lè fi àwòrán iṣẹ́ tí ó wà nínú ètò ìnáwó ìjọba hàn bí ó ṣe rí gan-an. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò Eyemark jáde ní àkókò Ààrẹ Muhammadu Buhari fún irú iṣẹ́ kan náà. Òfin Òmìnira Ìròhìn ti ọdún 2011 sì fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí yóò bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó dárúkọ iṣẹ́ náà, ibi tí ó wà, àti ọdún tí a fi owó sí i. Kí ó sì fi àwòrán tí ó ní ọjọ́ lára mọ́ ọn.

Ní ti gọ́tà wa, kí a má ti ojú-ìwé náà ní ọjọ́ tí kọnkéré bá gbẹ. Kí òjò ńlá mẹ́ta kọ́kọ́ rọ̀, kí akọ̀wé lọ wo ibi tí omi gbà, kí ó sì kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì àti àwòrán, tí a ó sì fi í pamọ́ sí ọwọ́ akápò fún ìgbìmọ̀ tí yóò jẹ tẹ̀lé èyí.